Táyà Méjì, Iṣẹ́ Mẹ́ta: Títò àti Wíwa Ọkọ̀ Rìmóòtù Tó Ń Fi Iwájú Fà

Bí èèyàn bá dúró ní Ọlá-Ìyà ní Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́, tó ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá, Camry, Corolla, Golf, Micra, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé 504. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975, iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í. Volkswagen Ìjàpá tiẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn pátápátá. Mini tó jáde lọ́dún 1959 ló sọ ọ́ di mímọ̀ kárí ayé pé a lè gbé ẹ́ńjìnnì sí ìbú níwájú, kí ẹsẹ̀ iwájú máa fà, kí ọkọ̀ kékeré sì gba èèyàn mẹ́rin. Golf tẹ̀ lé e lọ́dún 1974, a sì mọ bó ṣe wọ ìlú wa.

Ọkọ̀ rìmóòtù tó ṣe bẹ́ẹ̀ náà wà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fọ́mọdé lọ́jà, tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ kan bá ti kán, ó parí nìyẹn. Èyí tí mo ń sọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi ni. Ẹ lè tú u palẹ̀ dórí béárìn tó kéré jù, kí ẹ sì tún un tò. Ó fẹ̀ tó 190 mm, láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ bíi 257 mm, bó bá sì ti ní bátìrì àti bọ́dì lórí, ó ń wọ̀n bíi 1,350 g. Tamiya ní FF-03, ó tún ní àwọn kéékèèké bíi M-05 àti M-07. Ẹni tó fẹ́ fi sáré ìdíje gidi máa ń wo X4F ti Xray. Nítorí pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ là ń pè ní mọ́tò, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ iná tó ń yí i sílẹ̀ ní motor, ká má baà da ara wa láàmú.

Ohun tí ẹni tó fẹ́ tò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sọ́kàn nìyí: táyà iwájú méjèèjì ló ń fa ọkọ̀, àwọn náà ló ń yí i, àwọn náà ló ń dá a dúró. Ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú dà bí owó oúnjẹ ilé: bí ẹ bá ná gbogbo rẹ̀ sórí fífà, kò sí èyí tó kù fún yíyí. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nípa ọ́ìlì, sípíríǹgì, ìwọ̀n àti ọwọ́ tó ń wa ọkọ̀, orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí dífù, ìyẹn àkójọ gíà tó ń pín agbára motor fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ọkọ̀ bá yà, ara rẹ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìta, ẹsẹ̀ iwájú tó wà nínú kọ́nà á sì fúyẹ́. Dífù tó rọ̀ á wá kó gbogbo agbára motor fún ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ yẹn, á máa yí lófo. Ẹ máa gbọ́ ọ: motor á han gooro bí ìgbà tí ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní kúrò lójú kan dáadáa. Ìwòsàn rẹ̀ ni ọ́ìlì sílíkọ́ọ̀nù tó ki gan-an. Ẹni tó ń lo ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lè gbé 5,000 cSt (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) sínú dífù ẹ̀yìn kó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú ọkọ̀ tiwa yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 300,000 cSt, ẹ sì má bẹ̀rù 500,000. Ìyẹn ki bíi ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ. Ẹ ò lè dà á, ẹ máa fún un bí ọṣẹ ìfọyín ni.

Bí ẹ ṣe máa kún un nìyí. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa rọ́bà róńdó tó wà nídìí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan, nítorí bí rọ́bà yẹn bá gbẹ, ó máa ya lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ́ìlì á sì jò. Ẹ to gíà ńlá kan sínú, ẹ gbé gíà kéékèèké mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e lórí pẹ̀lú ọ̀pá wọn tó dábùú ara wọn, kí ẹ tó fi ọ́ìlì sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìdá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọwọ́ yí gíà kí ọ́ìlì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró nígbà tó bá bo ọ̀pá náà tán, tó ku bíi mílímítà kan sí ètí. Ẹ wá gbé e sójú oòrùn. Oòrùn oṣù kejì wa níhìn-ín wúlò fún èyí: láàárín wákàtí kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti yọ sókè, á sì bẹ́, ẹ óò sì rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, ẹ óò fi díẹ̀ kún un. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí ojú rẹ̀, lé e, ẹ dé e, ẹ fi sìkúrúù dè é, kí ẹ máa dè é ní ìdàkejì-ìdàkejì bí fọ́kánáísà ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà. Ẹ má dè é pa. Ike ni, bó bá lọ́, kò tún ní dí mọ́. Kí ẹ tó gbé e wọ inú ọkọ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, bó bá ti dín, ó ti jò, ẹ ò ní máa méfò.

Dífù M-05 tí a rà láìfi nǹkan kún un ò dí, ọ́ìlì ò lè dúró nínú rẹ̀. Gíríìsì líle tí Tamiya ń tà fún irú rẹ̀ ni kí ẹ fi kún un dáadáa. Yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó bá gbóná. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa tú u wò.

Èyí tó kù lápá iwájú ni ṣáàfù. Ẹsẹ̀ iwájú ń yí lọ sápá ọ̀tún àti òsì nígbà tí agbára ń kọjá nínú rẹ̀. Ṣáàfù oníkókó kan ò lè yí geere bí igun yẹn bá fẹ̀: á máa yára, á máa dẹwọ́, lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan. Ẹ óò gbọ́ tàtàtàtà nínú kọ́nà, imú ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n. Ṣáàfù oníkókó méjì wà, tó jẹ́ pé kókó kejì ń tún àṣìṣe kókó àkọ́kọ́ ṣe. Bí owó yín ò bá tó nǹkan méjì rà, ẹ fi bọ́dì aláràbarà sílẹ̀, ẹ ra èyí. Lójú mi, kò sí nǹkan mìíràn tí owó rẹ̀ ń padà bọ̀ wálé kíákíá tó bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ tó ń fi iwájú fà. Kí ẹ máa wo pín-ìn inú kókó náà lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí ẹ bá wà á: irin tó bá ti ní ibi pẹlẹbẹ lára ti ń jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó fọ́ ilé tó wà.

Ọ̀rọ̀ sìkúrúù ò ní gùn. Ìdè onígun mẹ́fà 2.0 mm ló ń ṣí ọ̀pọ̀ sìkúrúù 3 mm, 1.5 mm ló sì ń ṣí ti gíà kékeré tó wà lórí motor. Sìkúrúù Tamiya tó ní àmì àròpọ̀ lórí, ti àwọn ará Japan ni, kì í gba sìkúrú-díráfà lásán dáadáa. Bó bá ń yọ̀, ẹ dúró kẹ́ ẹ tó fọ́ ojú rẹ̀. Ibi tí irin bá ti wọ irin, ẹ fi gúlú búlúù tó ń mú sìkúrúù dúró kán an. Ibi tí irin bá ti wọ ike, ẹ má dán an wò, nítorí gúlú yẹn ń mú kí ike là.

Ó kan ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n onína tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ẹyọ kan tó ń wọ̀n dé kílò márùn-ún, ti tó. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú lé e, ẹ to ìwé sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí tí ọkọ̀ á fi dúró gbọọrọ. Ẹ wá yí i padà, ẹ wọ̀n ẹ̀yìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1,350 g, mo fẹ́ kí iwájú gbé bíi 840 g, kí ẹ̀yìn gbé 510 g, ìyẹn bíi 62 nínú ọgọ́rùn-ún níwájú. Bó bá dín sí 58, ọkọ̀ ò ní lè gbéra dáadáa. Ẹsẹ̀ iwájú á máa yọ̀. Bó bá ju 66 lọ, ìdí rẹ̀ á fúyẹ́ débi pé tí ẹ bá kàn jọ̀wọ́ iná nínú kọ́nà, á yí po. Bátìrì ni ẹrù tó wúwo jù, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Fún ọ̀tún àti òsì, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe wheel balancing fún ọkọ̀ ńlá, ẹ ra òjé kéékèèké tó ní gúlú lẹ́yìn, onígíráàmù márùn-ún márùn-ún. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ apá tó fúyẹ́ títí ìyàtọ̀ á fi dín sí gíráàmù mẹ́wàá.

Sípíríǹgì àti ṣọ́kì ni ibi tí èrò ọkọ̀ yìí ti yí padà sí ti àwọn yòókù. Iwájú ni kó rọ̀, ẹ̀yìn ni kó le. Bí nọ́ńbà líle sípíríǹgì iwájú bá jẹ́ 2.6, ẹ gbé ti ẹ̀yìn sí 2.9. Ọ̀pá tó so ọ̀tún mọ́ òsì lẹ́yìn, tó ń kọ̀ kí ọkọ̀ tẹ̀, ẹ lo 1.4 mm, ti iwájú kò gbọ́dọ̀ ju 1.2 mm lọ, ẹ tiẹ̀ lè yọ ọ́ kúrò. Ìdí ẹ̀ ni pé bí ẹ̀yìn bá kọ̀ láti tẹ̀, òun ló máa gba ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀n tó ń sá lọ sí ìta, ẹsẹ̀ iwájú inú á sì lè kanlẹ̀ kó máa fà. Ẹ óò mọ̀ pé ẹ ti ṣe é dáadáa bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn inú bá gbé sókè ní kọ́nà, bí ajá tó fẹ́ tọ̀ sí ìdí òpó. Ọmọ tó bá ń wò á pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ kan ò kanlẹ̀ o!" Ẹ dá a lóhùn pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹsẹ̀ yẹn ò fa nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ẹ ò pàdánù nǹkan. Àmọ́ bó bá gbé ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ, ẹ dín líle ẹ̀yìn kù.

Ọ́ìlì inú ṣọ́kì, 400 cSt níwájú àti lẹ́yìn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kún un dókè, ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ sókè-sódò díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìfófò lè jáde, kí ẹ tó dé e. Ẹ mú méjèèjì dání, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ wọn: bí ọ̀kan bá jáde yára ju èkejì lọ, ẹ tún un ṣe, nítorí ọkọ̀ á máa yà sí ọ̀tún dáadáa, á máa ṣàgídí sí òsì. Ọ́ìlì máa ń ṣàn sí i bí ojú ọjọ́ bá gbóná. Ohun tó dáa láàárọ̀ ọyẹ́ lè rọ̀ jù lọ́sàn-án oṣù kẹta. Nígbà náà, ẹ gun 450.

Gíga ọkọ̀ sílẹ̀, 5.5 mm lórí ilẹ̀ tó dán, 6.5 mm lórí kọnkéré tó ní ojú pọ́npọ́n. Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ ìwọ̀n lè wá káàdì tí wọ́n ti yọ SIM lára rẹ̀. Gíga irú káàdì bẹ́ẹ̀ jẹ́ 0.76 mm, bíi ti ATM. Ẹ to méje léra, ó di 5.3 mm, mẹ́jọ, 6.1 mm; mẹ́sàn-án, 6.8 mm. Bí káàdì mẹ́jọ bá wọ abẹ́ ọkọ̀, tí mẹ́sàn-án ò wọ̀ ọ́, ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà. Bátìrì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ẹsẹ̀ iwájú, ẹ jẹ́ kó ṣí síta díẹ̀, bíi dígírì kan. Bí agbára bá ti ń fà á, ó máa ń fẹ́ pàdé ara rẹ̀ níwájú fúnra rẹ̀, nítorí náà ìṣísíta yẹn á di títọ́ nígbà tí ẹ bá fún un níná. Ti ẹ̀yìn, kí imú wọn yà sínú ní dígírì méjì. Bí ìdí bá ń yọ púpọ̀, méjì àbọ̀. Kí orí gbogbo ẹsẹ̀ tẹ̀ sínú: dígírì méjì níwájú, kan àbọ̀ lẹ́yìn.

Táyà lówó, ti iwájú sì ń tètè jẹ. Ó ń fà, ó ń yí, ó ń dá ọkọ̀ dúró, kí lẹ tún ń retí? Ẹ kọ 1, 2, 3, 4 sára rímù wọn. Bí ti iwájú bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ gbé wọn lọ sẹ́yìn, kí tuntun bọ́ síwájú. Ẹ má so táyà tí gíga wọn ò dọ́gba pọ̀ níwájú, nítorí dífù á máa ṣiṣẹ́ lójú títì tó gún, ọkọ̀ á sì máa wọ́ lọ sápá kan. Kí ẹ tó lẹ táyà mọ́ rímù, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ inú ètí rẹ̀. Ọ̀rá ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, gúlú ò ní mú. Táyà iwájú tí kò lẹ̀ dáadáa máa ń ṣí láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ní ti líle rẹ̀, àwọn tó ń ta táyà ìdíje ń fi nọ́ńbà kọ ọ́, 28, 32, 36; èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ló wà fún ilẹ̀ gbígbóná. Lórí ọ̀dà tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, 36 ni kí ẹ mú. 28 á yọ́, ojú rẹ̀ á máa bó kí bátìrì kan tó tán.

Gíà ni ìṣirò díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí gíà ńlá bá ní eyín 96, tí ti motor ní 36, 96 pín sí 36 jẹ́ 2.67. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà iye ìdínkù tí àwọn gíà inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ká sọ pé 1.9 ni, ó di 5.07. Ìyẹn ni pé motor á yí lẹ́ẹ̀marùn-ún díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà tí gíga rẹ̀ jẹ́ 63 mm ń rin 198 mm nínú yíyí kan, nítorí náà yíyí motor kan ń gbé ọkọ̀ lọ ní 39 mm. Bí táyà bá ti jẹ dé 60 mm, iye yẹn á lọ sílẹ̀ sí 37. Ẹ gbé gíà eyín 38 sí i, ó tún padà sí 39. Ọ̀pọ̀ ń rò pé motor wọn ti ń kú, táyà ló jẹ.

Fún motor 17.5T (iye ìgbà tí wáyà inú rẹ̀ yí ká nìyẹn) tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì, tí ESC rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń bu iná bátìrì fún motor, ò fi nǹkan kan kún iná, 5.0 jẹ́ ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ ní pápá kékeré. Ẹ wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ wọ̀n ooru rẹ̀. Lábẹ́ 60°C, ẹ lè fi eyín kan kún gíà kékeré. Bó bá ti kọjá 75, ẹ yọ méjì kúrò. Òṣogbo kì í ṣe ìlú tútù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wà ní 34 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àyè tí motor ní láti gbóná ti dín. Òòfà inú rẹ̀ ń pàdánù agbára bí ooru bá pọ̀ jù, kì í sì í gbà á padà. Láti mọ̀ bóyá eyín gíà méjèèjì fara kan ara wọn bó ṣe yẹ, ẹ fa bébà ìwé ọmọléèwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín wọn, ẹ de motor, ẹ sì yí bébà náà jáde. Kó ká bí abẹ̀bẹ̀, kó má ya.

Wáyà motor tó ní sẹ́ńsọ̀, A lọ sí A, B sí B, D sí C kò sí o: C sí C ni. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sẹ́yìn nígbà tí ẹ fẹ́ kó lọ síwájú, ẹ má pààrọ̀ wáyà, inú ESC ni kí ẹ ti yí i. Motor oníbúrọ́ọ̀ṣì tó ń bá Tamiya wá nìkan ni ẹ lè pààrọ̀ wáyà rẹ̀ méjèèjì. Servo, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú sọ́tùn-ún sósì, ẹ tan rìmóòtù kí ó dúró sí àárín kí ẹ tó de apá rẹ̀. Ẹ ka eyín orí rẹ̀ pẹ̀lú: 23 àti 25 jọ ara wọn lójú, àmọ́ apá 25 lórí servo 23 máa ń yọ̀ ní kọ́nà àkọ́kọ́. Bíréèkì, ìdajì agbára tó, nítorí iwájú nìkan ló ń mú un.

Bátìrì líthíọ̀mù oníhóró méjì la ń lò, 7.4 fóòtì, tó ń kún dé 8.4. Ẹ ṣeto ESC kó gé iná ní 3.2 fún hóró kan. Bátìrì 5,000 mAh, ẹ fi ámpíà márùn-ún ṣájì rẹ̀, kò nílò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ; 42 wáàtì péré nìyẹn, bátìrì ọkọ̀ ńlá oní 12 fóòtì lè gbé e bí kò bá sí iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín kan, ẹ tètè yọ bátìrì kúrò lára ṣájà. Inú ìkòkò amọ̀ ni kó wà bó ṣe ń ṣájì, lórí táìlì, kí ìdérí ṣí díẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ páàkì sójú oòrùn ní Òkè-Fìà láti lọ ra nǹkan. Bátìrì tó bá ti wú bí ẹ̀kọ tó kan, ẹ má ṣájì rẹ̀ mọ́.

Bọ́dì ò ṣòro. Ẹ fi ọṣẹ ìfọwo fọ inú rẹ̀, ẹ kun ún láti inú, àwọ̀ dúdú ṣáájú àwọ̀ fúnfun. Ọ̀dà tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ńlá ń lò á hó kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ kọlu nǹkan. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún irú ike yẹn ni kí ẹ wá.

Ilẹ̀ tó dáa fún un ni àyè páàkì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn àpèjẹ lọ́jọ́ tí kò sí èrò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mítà ogún ní gígùn, méjìlá ní fífẹ̀, ó tó. Ẹ fi ọ̀pá omi rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ṣe ààlà. Kì í fọ́ apá ọkọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù. Ìgbálẹ̀ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Erukuru pupa tó ń bo ìlú yìí nígbà ọyẹ́, ìyẹ̀fun ni lábẹ́ táyà. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rin ń fà lè fara dà á; tiwa ò lè ṣe é.

Ó wá ku wíwà rẹ̀. Lójú títì gígùn, ẹ fún un níná tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Kí kọ́nà tó dé, kí ẹsẹ̀ ṣì wà lọ́nà títọ́, ẹ mú bíréèkì, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ yí i. Ìwọ̀n ọkọ̀ ti sáré wá síwájú, imú á wọlé. Ẹ mú sùúrù díẹ̀ láìfún un níná rárá, títí imú á fi kọjú sí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ tó fa tírígà, kí ẹ sì máa fà á bí ẹ ṣe ń tọ́ sítíárìn. Bí ẹ bá fún un níná nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì yí dé òpin, ó máa kọ̀, á gba ìta lọ. Ohun tí ọwọ́ wa fẹ́ ṣe nígbà náà ni kó tún yí sítíárìn sí i. Táyà tí kò ní nǹkan tó kù láti ná lẹ tún ń bi lówó yẹn. Ẹ dẹ iná, ẹ dín yíyí kù díẹ̀, á padà wá.

Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ti mọ ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì. Bí ìdí bá yọ, ẹ má jọ̀wọ́ iná, ẹ má sì mú bíréèkì. Ẹ fún un níná. Iwájú á fa ìdí tọ́ bí ẹni fa okùn ewúrẹ́. Ẹ óò fi bí ogún ìgbà ṣe é kí ọwọ́ tó gbà á, nítorí ara kọ̀ ọ́.

Bó bá ń kọ kọ́nà ní ibi tó lọ́ra nìkan, dífù ti ki jù tàbí sítíárìn ń yí jù. Ẹ dín yíyí kù sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rìmóòtù, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ́ìlì. Bó bá ń kọ̀ ọ́ níbi tó yára, ẹ mú kí ẹ̀yìn le sí i tàbí kí ẹ sún bátìrì. Bó bá ń wọ́ lọ sápá kan nígbà tí ẹ bá fún un níná, ẹ wo táyà tí kò dọ́gba, béárìn tó ti ní iyanrìn nínú, ṣáàfù tó tẹ̀. Béárìn 5 × 11 × 4 mm ló ń jẹ ìyà jù. Ẹ lo onírọ́bà, kì í ṣe onírin, ní ìlú erukuru.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà gbígbẹ gbá abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe omi. Ẹ fi bébà tíṣù nu ètí dífù; bó bá tutù fún ọ́ìlì, rọ́bà róńdó ti ya. Ẹ dá bátìrì padà sí 3.8 fóòtì fún hóró kan bí ẹ ò bá ní lò ó láàárín ọjọ́ méjì. Kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lé orí igi kan tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò fi ní kanlẹ̀, nítorí fóòmù inú táyà máa ń tẹ̀ sí ibi tó bá fara ti mọ́jú, ọkọ̀ á sì máa mì lọ́jọ́ kejì bí ẹni tí bàtà ń dùn.